Riléè tó Tan Etí Mi Jẹ ní Òkè Alámọ̀

Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ tọ̀, kó lọ tọ̀ báyìí, nítorí bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, n kì í dúró de ẹnikẹ́ni, n kì í sì í tún ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tó ń tòògbé. Oòrùn ṣì wà lókè. A ó parí rẹ̀ kí àwọn obìnrin ilé tó dáná alẹ́.

Àlejò tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Àkínbọ̀ yẹn ló fa ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe èmi. Ó dé sí ilé mi láàárọ̀ yìí, ó bá mi lórí àga, ó sì rí i pé mo pe Mopélọ́lá, ìyàwó ọmọ mi. Mopélọ́lá jẹ́ mi láti ẹ̀yìnkùlé. Mo mú ọ̀pá mi, mo dìde, mo gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ kọjá, mo lọ wò ó níbi tó ti ń fọṣọ, mo rí i, mo sì padà wá jókòó. N kò rán an níṣẹ́ kankan. Nígbà tí Mopélọ́lá wọlé, àlejò yìí ń bi í ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé ṣé orí bàbá ṣì pé. Mo gbọ́ o. Etí mi ò tíì di. Mopélọ́lá ní kó fi mí sílẹ̀, pé láti ìgbà tí òun ti wọ ilé yìí ni mo ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹnikẹ́ni tí mo bá pè tó jẹ́ mi, àfi kí n dìde lọ fi ojú rí i. Ó ní ogbó ni. Kì í ṣe ogbó. Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ fún yín.

Ọdẹ́gbàmí ni orúkọ mi. Ẹ̀yin ti mọ̀, àlejò ni ò mọ̀. Ọdẹ ni bàbá mi, ọdẹ ni bàbá rẹ̀, èmi náà sì pa ẹran tó pọ̀ kí n tó fi ìbọn kọ́ ògiri, kí n tó lọ kọ́ṣẹ́ rewáyà. Kì í ṣe rewáyà mọ́tò o. Katapila ni tèmi, àwọn ẹ̀rọ gàgàrà tó ń fi àyà ti òkè. Bí katapila bá dákú, tí dérẹ́bà rẹ̀ bá gbìyànjú títí tó sú u, èmi ni wọ́n ń ránṣẹ́ sí pé kí n wá wá ibi tí iná sọnù sí nínú rẹ̀. Iṣẹ́ ọdẹ náà ni. Àìsàn iná a máa sá, a máa lúgọ, a máa gba ẹ̀yìn yọ síni. Ohun tó sì jẹ́ kí orúkọ mi rìn jìnnà ni pé n kì í lo tẹ́sítà bíi ti àwọn yòókù. Màá ní kí dérẹ́bà yí kọ́kọ́rọ́, màá tẹ orí ba, màá gbọ́ ìró rẹ̀, màá sì sọ ohun tó ń ṣe é. Elétí-Ajá ni wọ́n ń pè mí. Láti Ìjẹ̀bú títí dé Kàbà, kò sí ẹni tó tó mi. Àkínbọ̀, mo rí eyín rẹ.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí riléè jẹ́, kí ẹ má baà ní mò ń fi èdè awo bá yín sọ̀rọ̀. Àpótí dúdú kékeré ni, kò ju páálí ìṣáná lọ. Iná tí kọ́kọ́rọ́ katapila ń rán níṣẹ́ kéré, kò lè gbé ẹ̀rọ ńlá nílẹ̀. Nítorí náà, ìpè nìkan ni iná kékeré yẹn ń lọ pe riléè. Riléè á jẹ́ ẹ, á ní tó, irin inú rẹ̀ á pa dé, iná ńlá tó ti ń dúró lẹ́nu bátìrì á wá gba ibẹ̀ kọjá sọ́dọ̀ sítátà, sítátà á sì yí ẹ́ńjìnì. Nǹkan méjì ni riléè ń ṣe. Ó ń jẹ́ ìpè, ó sì ń jẹ́ kí iná kọjá. Ẹ fi méjèèjì sọ́kàn, nítorí èmi fi ọ̀kan nìkan sọ́kàn.

Mo ní àbúrò kan, ọmọ ìyá mi. Àwẹ̀ró ni orúkọ rẹ̀. Ó lọ́kọ sí Òkè Alámọ̀, lẹ́yìn Igbó Adákẹ́rọrọ, ọkọ kú, ó sì jókòó síbẹ̀, ó ń mọ ìkòkò. Gbogbo obìnrin ìlú náà ló ń mọ ìkòkò. Inú ihò kan lára òkè ni wọ́n ti ń wa amọ̀, èèwọ̀ sì ni kí ènìyàn sọ̀rọ̀ nínú ihò náà, nítorí ohùn ènìyàn a máa já ilẹ̀ lulẹ̀ níbẹ̀. Bí ẹni tó wà lẹ́nu ihò bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara ẹni tó wà nínú dá, á rọra pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí wọ́n pè á mú òkúta, á fi kan ògiri ní ẹ̀ẹ̀mẹta, kó, kó, kó. Ìdáhùn nìyẹn. Àwẹ̀ró ló sọ ọ́ fún mi, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní ibẹ̀ nìkan ni ẹnu òun ti ń sinmi. Òótọ́ ni, nítorí àbúrò mi yẹn lè sọ̀rọ̀ tí ìyà fi máa jẹ ẹni tó ń gbọ́ ọ.

Ní ọjọ́ kan lákòókò òjò, ẹyẹ àkókó kan bà sórí àpótí irinṣẹ́ mi, ó sì sọ̀rọ̀ bí ènìyàn. Ó ní dérẹ́bà katapila tí ọba Òkè Alámọ̀ fi ń la ọ̀nà ló rán òun. Ó ní òkè ti ya lulẹ̀, ó ti dí ẹnu ihò amọ̀ mọ́ obìnrin márùn-ún, Àwẹ̀ró wà nínú wọn. Wọ́n ń pè wọ́n, wọ́n ń jẹ́. Katapila ti ń kó ilẹ̀ náà kúrò kó tó dákú lójijì, kò sì dìde mọ́. Ọwọ́ lásán ò lè hú ilẹ̀ yẹn. Ẹyẹ náà ní bí n kò bá tètè dé, wọn ò ní lè fara dà á kọjá ọjọ́ kẹrin. Ó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó fò lọ, kò tilẹ̀ kí mi pé ó dàbọ̀.

Mo kó irinṣẹ́ sínú àpò ọdẹ, mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, mo wọ Igbó Adákẹ́rọrọ. Nínú igbó yìí, ẹyẹ ń la ẹnu, ohùn ò jáde. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá tẹ igi gbígbẹ, igi á dá, kò ní dún. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti bá ẹkùn pàdé rí, ẹ̀rù ò bà mí tó báyẹn, nítorí etí ni mo fi ń jẹun, igbó yìí sì gba etí lọ́wọ́ mi.

Ní àárín igbó ni mo ti kan Bàbá Elétí. Kò ní ojú, kò ní imú. Etí méjì ló ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ẹní, ó tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ sùn lé, ó fi èkejì bora. Àtẹ́lẹwọ́ ni ẹnu rẹ̀ wà. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, á na ọwọ́ sókè bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró. Ó ní òun lòun kó gbogbo ìró igbó náà sínú kèrègbè kan, pé ẹni tó bá fẹ́ kọjá, àfi kó bá òun fi etí jà. Bí mo bá pa á tì, etí mi méjèèjì á di tòun.

Mo ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó ṣí kèrègbè, ó tú ìró kan jáde. Mo ní abẹ́rẹ́ ló bọ́ sínú òwú, ojú rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ kan òwú. Ó tú èkejì jáde. Mo ní èèrà kan ló ń bá ọmọ rẹ̀ wí, ọmọ náà ò sì gbọ́. Ó tú ẹ̀kẹta jáde, èyí tó ní ẹnikẹ́ni ò gbà rí. Mo ní iṣu ló ń ta nínú ebè. Ó fẹ́ máa dunnú, ó rò pé mo ti parí ọ̀rọ̀. Mo ní ewùrà ni, kì í ṣe iṣu funfun. Ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀. Ìwọ Àkínbọ̀, bí o bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín síta, má gbé e mì, kó má baà pa ọ́.

Ó yẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń kọjá, ó di aṣọ mi mú, ó na ọwọ́ sókè.

“Etí rẹ dára,” ó ní. “Ẹrù wo ló ti bá ọ gbé rí?”

Mo ní ta ló ń fi etí gbé ẹrù. Ó ní òun ti gbọ́. Ó sì fi etí bora, ó sùn. Mo rò pé inú ló ń bí i nítorí pé mo na án. Mo fi í ṣẹ̀sín títí mo fi jáde nínú igbó.

Ìlú tó tẹ̀ lé e, Mo-ń-bọ̀ ni wọ́n ń pè é. Ilé wọn mọ́, ojú wọn tutù, wọ́n sì mọ ènìyàn kí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Mo yà sí ilé kan, mo bẹ̀ wọ́n fún omi. Obìnrin kan dáhùn láti inú yàrá pẹ̀lú ohùn dídùn pé òun ń bọ̀, kí n jókòó. Mo jókòó. Kò wá. Mo lọ sí ilé kejì, bákan náà. Ilé kẹta, bákan náà. Mo wá ń wo ìlú náà káàkiri. Mo rí ọkùnrin kan tí òrùlé rẹ̀ ti ya, tó ń pe káfíńtà, káfíńtà sì ti ń dá a lóhùn fún ọdún méje. Mo rí ìyàwó tí wọ́n ti wẹ̀ fún ọkọ, ọkọ ń jẹ́ ẹ láti ojúlé kejì, irun ìyàwó ti funfun. Kò sí ẹni tó bínú. Wọ́n ní ṣebí ó ń dáhùn.

Mo bi wọ́n ní ọ̀nà Òkè Alámọ̀. Gbogbo wọn ló ní àwọn ń bọ̀ wá fi hàn mí. Oòrùn ti gba orí mi kọjá lọ sí apá kejì. Mo rántí Àwẹ̀ró, inú sì bí mi gan-an. Mo gbé àpò irinṣẹ́ mi, mo gbé e lé ẹni tó sún mọ́ mi lórí, mo ní ó yá, máa lọ. Ó wó lulẹ̀ pẹ̀lú ẹrù. Kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀, awọ lásán tí atẹ́gùn kún. Mo gbé e lé ẹlòmíràn, òun náà wó. Mo gbé e lé ènìyàn mẹ́sàn-án lórí, mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wó. Ó ku bàbá kan tó jókòó sábẹ́ igi. Mo ti kí i nígbà tí mo wọ ìlú, kò dá mi lóhùn, mo sì ti bú u nínú ọkàn mi pé kò lẹ́kọ̀ọ́. Mo gbé ẹrù lé e lórí. Ó dìde, ó gbé e, ó sìn mí dé ẹnu bodè láìsọ gbólóhùn kan. Níbẹ̀ ó sọ àpò náà kalẹ̀, ó nàka sí i, ó wá nàka sí àwọn ará ìlú tó ṣì ń dáhùn lẹ́yìn wa. Mo rò pé ọrẹ ló ń bèèrè. Mo fún un ní orógbó. Ó wò mí, ó mi orí, ó padà.

Ẹ̀yin ti mọ ohun tó ń fi hàn mí, àbí? Ẹ̀ ń mi orí. Ẹ̀yin jókòó sábẹ́ ibòji, ikùn yín sì kún. Èmi ò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé mo gbọ́n ju ìlú kan lọ ni, inú mi sì ń dùn.

Mo dé Òkè Alámọ̀ bí oòrùn ṣe ń yọ. Ilẹ̀ pupa ti ya bo ẹnu ihò, katapila sì wà ní àárín rẹ̀, ó ti ẹnu bọ ilẹ̀, kò mì. Àlàfo kan ṣoṣo tó kù kò ju ẹnu ìgò lọ, ó sì wọ́ kọ́rọkọ̀rọ, atẹ́gùn àti ìró nìkan ló ń gbà á. Dérẹ́bà rẹ̀ ń jẹ́ Láṣebìkan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí kò pariwo. Kò tíì kúrò lórí ìjókòó katapila láti ìgbà tí katapila ti dákú. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

Mo dojú kọ àlàfo yẹn, mo rọra pe Àwẹ̀ró. Kó, kó, kó. Ara mi balẹ̀. Mo pe àwọn mẹ́rin yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn náà jẹ́. Mo wá yíjú sí iṣẹ́.

Mo ní kí Láṣebìkan yí kọ́kọ́rọ́. Ó yí i. Mo gbọ́ tó. Tó nìkan. Ẹ́ńjìnì ò yí. Láṣebìkan ní òun fura sí riléè, pé èyí tó ń tan iná iwájú katapila jọra pẹ̀lú rẹ̀, òun ti fẹ́ pààrọ̀ wọn kí n tó dé, ṣùgbọ́n òun ò fẹ́ fọwọ́ kan nǹkan tó ju òun lọ. Mo fi í rẹ́rìn-ín níwájú àwọn ènìyàn. Mo bi í pé ṣé kò gbọ́ bí ó ṣe dáhùn ni.

“Riléè tó ń jẹ́ ìpè ò ṣàìsàn,” mo ní. “Má fọwọ́ kàn án.”

“Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n,” ó ní.

Gbólóhùn yẹn wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní, mo tú bátìrì, mo ha orí rẹ̀, mo dè é padà. Tó. Mo ní kí wọ́n lọ gbé bátìrì mìíràn wá, wọ́n rìn títí di ọ̀sán kí wọ́n tó gbé e dé. Tó. Mo tọ waya láti orí dé ìdí, mo ha ibi tí ó ti so mọ́ irin katapila títí ó fi ń dán. Tó. Lẹ́yìn iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, mo ń lọ síbi àlàfo, mo ń pe Àwẹ̀ró, kó, kó, kó, mo ń padà síṣẹ́.

Ní ọjọ́ kejì, mo sọ sítátà kalẹ̀. Ó wúwo bí àgbò. Mo tú u, mo nu gbogbo inú rẹ̀, mo tò ó padà, mo tún gbé e sípò. Gbogbo ọjọ́ náà ló gbà. Tó. Láṣebìkan tún wá bá mi ní ìrọ̀lẹ́, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, ó ní kí n má bínú, kí n jẹ́ ká pààrọ̀ riléè yẹn wò. Kí n lè dójú tì í, mo yọ tẹ́sítà tí n kì í lò. Gílóòbù kékeré kan ni, tó ní waya méjì. Mo fi kan ẹsẹ̀ riléè tí iná ńlá ń gbà jáde, mo ní kó yí kọ́kọ́rọ́. Tó, gílóòbù sì tàn gbòò. Mo ní kó wò ó dáadáa. Mo ní ìpè dé ibẹ̀, iná sì kọjá, kí ló tún kù? Ó padà sórí ìjókòó rẹ̀. Àwọn ènìyàn yìn mí.

Mo lọ pe Àwẹ̀ró. Ìdáhùn pẹ́. Mo dúró. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ọ, kó, kó, kó, ó rọra ń dún. Mo sọ fún àwọn ènìyàn pé ó ti rẹ̀ wọ́n ni, pé kò burú.

Ní ọjọ́ kẹta, oòrùn ti ga, mi ò sì mọ ohun tó tún kù kí n tú. Mo fi orí ti irin katapila, riléè wà létí mi gan-an. Mo ní kí Láṣebìkan tún yí kọ́kọ́rọ́. Bí ó ṣe ní tó báyìí, nǹkan kan fà mí ní etí, ó sì fà mí wọ inú àpótí náà.

Inú rẹ̀ tóbi ju ìta rẹ̀ lọ. Mo bá ara mi ní àgbàlá kan tí wọ́n fi bàbà tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn èrò iná kún apá kan rẹ̀ bámúbámú, wọ́n tó ẹgbẹ̀rún, ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ọkọ́ àti àdá, iṣẹ́ ni wọ́n ń lọ ṣe lọ́dọ̀ sítátà. Kòtò jíjìn kan ló là wọ́n kúrò ní apá kejì. Onílẹ̀kùn kan dúró níbẹ̀, ó di afárá onírin kan mú. Mo gbọ́ tí kọ́kọ́rọ́ pè é. Ó jẹ́ ẹ, ó ju afárá sílẹ̀, tó. Mo pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkùnrin kan tó rù gan-an ló kọ́kọ́ jáde láàárín èrò, ó gbé àtùpà kékeré, ó fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn kọjá. Mo mọ̀ ọ́n. Òun ló tan gílóòbù mi lánàá. Mo tún pàtẹ́wọ́. Ni èrò bá dìde lẹ́ẹ̀kan náà láti kọjá. Ìgbà yẹn ni mo tó wo orí afárá. Ó ti jóná. Ó ti di èédú láti ìdí dé orí, ibi tó kù fún ẹsẹ̀ láti tẹ̀ kò ju ẹyọ ọwọ̀ kan ṣoṣo lọ. Àwọn tó wà níwájú tẹ̀ ẹ́, èéfín rú, ooru lé wọn padà, gbogbo wọn sì padà sí àyè wọn, wọ́n gbé ọkọ́ wọn dání.

Mo bi onílẹ̀kùn náà pé kí ló dé tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò bínú, kò sì bẹ̀bẹ̀.

“Ẹ pè mí, mo jẹ́,” ó ní. “Ta ló bi mí bóyá wọ́n ń kọjá? Ìwọ fúnra rẹ ti gbọ́ mi ní ogójì ìgbà.”

Mo jí lára irin katapila. Ìgbà yẹn ni mo tó rántí ọwọ́ Bàbá Elétí, mo tó rántí àpò mi lórí àwọn ará Mo-ń-bọ̀. Mo dìde. Mo tú gílóòbù ńlá iwájú katapila, èyí tó ń jẹ iná púpọ̀, mo so ó mọ́ ẹsẹ̀ riléè kan náà tí mo fi tẹ́sítà kàn lánàá. Mo ní kí Láṣebìkan yí kọ́kọ́rọ́. Tó. Gílóòbù náà pọ́n díẹ̀, ó sì kú. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ara riléè dá, kó gbé ẹrù lé e. Mo yọ riléè náà, mo fi èyí tó ń tan iná iwájú sípò rẹ̀. Kí ẹni tó ń ki tábà sínú ìkòkò tó kì í tán, mo ti ṣe tán. Láṣebìkan yí kọ́kọ́rọ́. Tó, ẹ́ńjìnì sì bú ramúramù.

Kò sí ẹni tó yìn mí, n kò sì retí rẹ̀. Láṣebìkan gbá ilẹ̀ mú, ó ń kó o, ó ń dà á nù. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan á dáwọ́ dúró, kí n lè pè wọ́n. Àwẹ̀ró. Kó, kó, kó. Mo sọ fún un láti ìta pé ó kù díẹ̀. Mo tilẹ̀ fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé kó múra ọ̀rọ̀ sílẹ̀, pé mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọjọ́ mẹ́rin ti kó sí i lẹ́nu. Kó, kó, kó.

Ọ̀sán ti ń rọ̀ nígbà tí ẹnu ihò là. Obìnrin kan jáde, eruku bò ó. Èkejì jáde. Ẹ̀kẹta jáde. Ìyá Oyèbánjí, tó dàgbà jù wọ́n lọ, jáde ṣìkẹrin, wọ́n fà á lápá. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ń retí ẹ̀karùn-ún. Nígbà tí n kò rí i, mo bẹ̀rẹ̀ sí ihò náà, mo pe Àwẹ̀ró.

Kò sí ìró.

Mo tún pè é. Ìyá Oyèbánjí wá fọwọ́ kàn mí léjìká. Mo wo ọwọ́ rẹ̀ kejì. Òkúta wà níbẹ̀.

“Òkè ti mú un níbàdí láti ọjọ́ tó ya,” ó ní. “Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń jẹ́ ẹ. Ìgbà tí o pè é tí ìdáhùn pẹ́ yẹn, ìgbà yẹn ni mo gba òkúta yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ní bí o bá pè tí kò bá jẹ́, ọwọ́ rẹ á rọ, àwa mẹ́rin á sì bá a lọ.”

Ó na òkúta náà sí mi. Mo gbà á.

N kò ní ṣe àlàyé tó pọ̀ lórí èyí. Bí mo bá jẹ́ kí Láṣebìkan pààrọ̀ riléè yẹn ní àárọ̀ ọjọ́ kìn-ín-ní, ọ̀sán ọjọ́ kìn-ín-ní ni ihò ì bá ti là, àbúrò mi ì bá sì jáde láàyè. Bóyá ì bá máa tiro. Bóyá ì bá máa fi ìtiro náà yọ mí lẹ́nu títí di òní. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Láṣebìkan mọ̀ ọ́n dáadáa, kò fìgbà kan sọ ọ́. Èmi àti òun la gbé e jáde, òun ló sì fi katapila gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí.

Nígbà tí mò ń padà, mo gba Mo-ń-bọ̀ kọjá, wọ́n kí mi, wọ́n ní àwọn ń bọ̀. Mo gba Igbó Adákẹ́rọrọ. Bàbá Elétí wà ní àyè rẹ̀. Ó ṣí etí kan díẹ̀, ó gbọ́ mi, ó sì na ọwọ́ sókè. Mo dúró pé kó sọ̀rọ̀. Ó kàn jẹ́ kí n kọjá ni. Láti ìgbà náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni pè mí ní Elétí-Ajá mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ bá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi mọ̀ pé ẹni tó bá sọ fún mi pé òun gbọ́ tó, màá ní kó lọ gbé gílóòbù ńlá wá.

Òkúta náà nìyí lórí fèrèsé. Ẹ lè gbé e wò, ẹ má jẹ́ kó bọ́. Àlejò, mo rò pé mo ti dá ọ lóhùn. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí a ti jókòó, n kò tíì rí Mopélọ́lá, òjìji ilé sì ti ń gùn. Mopélọ́lá.

Ẹ gbọ́ ọ. Ó ti jẹ́ mi. Ẹ na ọ̀pá mi sí mi.